Ààwẹ̀ Tí Àkàbà Gbà Nítorí Pátákó

Dúró! Ìwọ tó fẹ́ fi ìka gbá ọ̀rọ̀ yìí kọjá, mo ní kó o dúró! Bó o bá ń sáré láàárọ̀, bó o bá ń gbé irin, bó o bá ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí. Má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbede méjì. Kà á tán.

1.

Ọkùnrin kan wà tó ń fi okùn rọ̀ lára ilé gogoro, tó ń nu fèrèsé. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ni gbogbo èèyàn bá ń pè é ní Àkàbà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré: panápaná. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ìdánwò wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a padà pé èémí rẹ̀ kò gbé e. Ọdún yìí sì ni ìgbà ìkẹyìn. Wọn kì í gba ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún, oṣù méjì lẹ́yìn ìdánwò ni Àkàbà máa pé e.

Kí ni wọ́n ń fẹ́? Kí èèyàn sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó gbé rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń fọ́n omi paná gun àtẹ̀gùn ilé alájà márùn-ún, kó sì wọ́ ọmọlangidi aṣọ tó wúwo bí àgbàlagbà sọ̀kalẹ̀. Ìdajì wákàtí ni wọ́n fún un.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń dáná fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn, ló gbà á sílé.

"Òfìfo ikùn lo fi ń sáré," ó ní, "o wá ń bú ẹsẹ̀ rẹ. Kí lẹsẹ̀ ṣe ọ́?"

2.

Oṣù mẹ́ta péré, ẹ wá wo ohun tí oúnjẹ ṣe! Búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó jáde. Bó bá ti sáré dé, ẹ̀wà àti ẹyin ti wà lórí tábìlì, ẹ̀fọ́ ń bẹ, ọsàn ń bẹ. Omi ńkọ́? Kì í dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́. Itan rẹ̀ le koko, ojú rẹ̀ ń dán!

"Bọ̀dá Àkàbà," ni ọmọ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń pariwo látorí okùn kejì, "ẹ rọra o, kẹ́ ẹ má fò kọjá òrùlé!"

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n jẹ́ kó gbìyànjú gbogbo rẹ̀ wò. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún! Halelúyà! Ó ti yege, ó kù kó wá tún un ṣe lójú àwọn ọ̀gá.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni ìbá ti dúró.

3.

Pátákó kan wà lára ògiri iléeṣẹ́ panápaná. Orúkọ ẹni tó yára jù láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà ló wà lókè rẹ̀: ìṣẹ́jú méjìlélógún. Àkàbà wo pátákó yẹn, ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Bí ara mi bá tún fúyẹ́ sí i," ó ní, "èmi ni màá wà lókè yẹn."

Ó fi búrẹ́dì sílẹ̀. Ó fi ẹ̀wà sílẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ó kéde ààwẹ̀ gbígbẹ: kò sóúnjẹ, kò sómi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé abọ́ síwájú rẹ̀. Ó tì í padà.

"Ṣé pásítọ̀ ló pe ààwẹ̀ yìí?"

"Èmi ni mo pè é, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta lò ń gbà á fún?"

"Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run ni àbí pátákó?"

Àkàbà bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn bàtà rẹ̀.

"Dá mi lóhùn!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àìnígbàgbọ́ yín kó bá mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá àádúrà ni! Síbẹ̀ ó ní, "Gbààwẹ̀ rẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi náà á bá ọ gbà á. Ní báyìí, jọ̀ọ́, jẹun."

Kò jẹ ẹ́.

4.

Ọjọ́ pé. Oòrùn mú. Àkàbà ta bí ọfà! Ìyípo kìíní, ìkejì, ìkẹta, òun ló wà níwájú, àwọn èèyàn ń pariwo, "Àkàbà! Àkàbà!" Ní ìyípo kẹjọ, ètè rẹ̀ ti funfun, kò làágùn mọ́. Ó parí ìkẹwàá, ó gbé rọ́bà kọ́ èjìká, ó kọrí sí àtẹ̀gùn. Àjà kejì. Àjà kẹta. Ní àjà kẹrin, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì so kókó, ojú rẹ̀ ṣú, ó sì yí gbirigbiri padà sísàlẹ̀.

Ọmọlangidi aṣọ tó yẹ kó gbé jókòó lókè. Òun gan-an ni àwọn panápaná gbé jáde.

5.

Nígbà tí wọ́n ti fa omi sí i lára, tí wọ́n ti di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán, ọ̀gá panápaná wá kí i.

"Ọ̀gá, ìṣẹ́jú mélòó ni mo ti lò kí n tó ṣubú?"

"Mẹ́tàdínlógún."

"Ó ku mélòó?"

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Mẹ́tàlá. Ká ní o rọra rìn gun àtẹ̀gùn náà ni, ò bá wọlé."

"Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

"Ó di ọdún tó ń bọ̀. O ò sì ní lè wọlé mọ́ nígbà yẹn."

Àkàbà kọjú sí ògiri, ó ké bí ọmọdé. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n kò gbà kó gun okùn mọ́. Fèrèsé ìsàlẹ̀ nìkan ló ń nù báyìí. Bí ọkọ̀ panápaná bá ń ké kọjá, yóò dúró, yóò máa wò ó títí tí kò fi ní rí i mọ́.

Ìwọ tó ń ka èyí, gbọ́! Nígbà tó rẹ wòlíì kan nínú aginjù, Ọlọ́run kò kọ́kọ́ ní kó sáré. Oúnjẹ ló fún un, omi ló fún un, ó jẹ́ kó sùn, ó sì tún fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì nítorí ọ̀nà rẹ̀ jìn! Ta ló wá kọ́ ọ pé ebi ni agbára? Má fi orúkọ Ọlọ́run bo ìgbéraga rẹ. Bó o bá fẹ́ gbààwẹ̀, gbà á, kó o sì fi eré sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó o bá fẹ́ sáré, bọ́ ara tó ń bá ọ sáré.

Mo bẹ̀ ọ́, yí padà lónìí. Má sáré láàárọ̀ ọ̀la láìjẹun, láìmu omi. Ó ku díẹ̀ kó o débi tó ò ń lọ. Jẹun, kó o lè débẹ̀.