Pèpéle Onípákó Apá

Pákó àfàrà olówó pọ́ọ́kú ni Gàníyù nawọ́ sí ní ìsọ̀ onípákó l'Òkò Bàbá. Fàúsátù ìyàwó rẹ̀ fẹsẹ̀ ta á.

“Èyí á lo ọdún márùn-ún dáadáa,” Gàníyù sọ.

“Ọdún márùn-ún. Ẹ ń gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu yín? Ṣé èmi ò ní lò ju ọdún márùn-ún lọ láyé ni?”

Lọ́dún 1977 ni Gàníyù fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, tó ní òun ti fi owó ìfẹ̀yìntì ra ilé kékeré kan létí ọ̀sà l'Ajah. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, onílé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti da ẹrù wọn síta lójú gbogbo àdúgbò. Ọjọ́ náà ni Fàúsátù búra pé bí òun bá tún di ayálégbé, òun á fi ọkọ sílẹ̀. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò ní lè lé e kúrò títí dọjọ́ ikú ló ń wá. Nígbà tó wá rí i, ó ta ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, kó lè ṣe pèpéle onípákó síwájú ilé, níbi tí yóò ti máa gba atẹ́gùn ọ̀sà lọ́jọ́ ogbó. Wúrà ìyá rẹ̀ kọ́ ni yóò fi ra àfàrà. Apá ló rà, igi tí ikán ò lè jẹ, tó le débi pé ìṣó ń tẹ̀ lórí rẹ̀.

“Ahun lọkọ mi,” ó sọ fún Mọ́rúfù káfíńtà, lójú ọkọ náà.

Mọ́rúfù to búlọ́ọ̀kù kí igi má baà kan ilẹ̀, ó sì fi àlàfo tó nípọn bíi kọ́bọ̀ sáàárín pákó kan sí èkejì, kí omi òjò lè máa jò kọjá. Gàníyù fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ṣé kò ṣeé ṣe ká má kàn án? Ká kàn tò ó lé búlọ́ọ̀kù.”

Fàúsátù gbọ́, ó yínmú. “Ẹni tó ń múra àtikó lọ ló ń to pákó. Mọ́rúfù, lu ihò sí i, kó o fi ìṣó onídẹ kàn án mọ́ ara ilé. Mi ò fẹ́ kó mì.”

Ìyá arúgbó kan wà ládùúgbò, Ìyá Àṣàbí, tó ń yan ẹja tà. Àràárọ̀ ló ń wá wo iṣẹ́ náà. Á gbójú sókè wo páànù, á fọwọ́ pa ara ògiri níbi tí òjò ti nà án. Ohun tí yóò jí ló ń wá, lójú Fàúsátù. Èyí tó tiẹ̀ bí i nínú jù ni pé Gàníyù, odidi ọ̀gá ní rélùwéè, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ẹlẹ́ja, á tún fún un ní búrẹ́dì àti mílíìkì. Ìwà ará oko ti ràn án.

“Ìyàwó wa, igi yìí dáa,” Ìyá Àṣàbí sọ. “Ẹ jẹ́ kó kàn án dáadáa. Àwọn ọmọ-ọmọ á bá a níbẹ̀.”

Fàúsátù kó àjákù pákó, ó dà á síwájú rẹ̀. “Ẹ gbà, ẹ lọ fi yan ẹja yín.”

Ìyá náà ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dúpẹ́.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, Mọ́rúfù fi òróró pa pákó náà títí ó fi ń dán. Fàúsátù gbé àga síta, ó jókòó. Ìdí rẹ̀ ò tíì gbóná lórí àga tí Ìyá Àṣàbí fi gun orí pèpéle náà tòun ti atẹ ẹja, tó rìn ín já láti òpin kan dé èkejì, tó ní oòrùn ibẹ̀ máa dáa fún ẹja sísá.

“Ẹ sọ̀ kalẹ̀,” Fàúsátù sọ. “Ilé mi lẹ wà, òórùn ẹja yín sì ń rí mi lára. Mi ò fẹ́ rí yín níbí mọ́.”

Ìyá Àṣàbí yíjú sí Gàníyù.

Gàníyù dọ̀bálẹ̀ lórí pákó apá náà, ó ní, “Ẹ forí jì í, ìyá onílé, mi ò tíì sọ fún un pé ọdún márùn-ún péré la gba ilé yín fún, àti pé ohunkóhun tí a bá kàn mọ́ ọn, ẹ̀yin lẹ ni ín.”