Ọkùnrin Tó Ń Ka Àwọn Tó Wà Nílé

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí ẹ bá dúró láàrin, kò ní yé yín. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí gan-an, kò tètè yé e.

1.
Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni. Ọkùnrin tí gbogbo agbègbè ń pè ní Ọ̀gá Oníwèé jókòó nílé ìdáná ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó ń mu tíì. Ẹ̀gbọ́n náà ń lẹ bàtà rọ́bà tó ti ya. Iṣẹ́ alágbàṣe ló ń ṣe lóko olóko, aago mẹ́fà àárọ̀ kì í bá a nílé. Ó da hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan sẹ́nu, èyí tí nọ́ọ̀sì ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣooṣù, ó gbé ife àbúrò rẹ̀ fi sìn ín.

"Tíì mi nìyẹn o!"

"Ta ló se é? Ìwọ tí o ń ka ilé gbogbo ayé, ìgbà wo lo máa ka tèmi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kì í sí nílé lọ́jọ́ iṣẹ́."

"Kí n jókòó máa retí ìwé, kí ebi wá pa mí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

2.
Iṣẹ́ rẹ̀ rèé. Lọ́dọọdún, ọ́fíìsì á fún un ní orúkọ igba ilé ó lé kan. Á béèrè iye tó ń wọlé fún ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, ti ilé tó bá bọ́ sí àárín gan-an ni wọ́n á kọ sílẹ̀ fún gbogbo agbègbè.

Òfin ni pé bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, kó padà wá lẹ́ẹ̀mẹta, títí kan ìrọ̀lẹ́. Ó ṣe é lọ́dún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà jìn, alùpùpù ń mu epo bí ẹni mumi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan péré ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, á yà sílé kejì tí ènìyàn wà, á kọ tiwọn.

Ẹ bá mi rò ó: ta ló ń wà nílé ní aago mẹ́wàá? Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Onísọ́ọ̀bù. Arúgbó tí ọmọ ń fowó ránṣẹ́ sí.

3.
Nọ́ńbà náà ń gòkè lọ́dọọdún. Ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́: "Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí lẹ ń jẹ níbẹ̀? Ẹ fún wa jẹ ńbẹ̀!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra bàtà tuntun.

Ohun kan ṣáà ń rú u lójú. Òrùlé ń jò káàkiri, àwọn ọmọ ń fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó ní àwọn ènìyàn fẹ́ràn àròyé ni.

Lọ́dún keje, nọ́ńbà náà kọjá ibi tí ìjọba pè ní òṣì. Ni wọ́n bá dá oògùn ọ̀fẹ́ dúró.

4.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Àbúrò mi, wọ́n ní a ti lówó."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Nọ́ọ̀sì ní ìwé ló sọ ọ́. Ṣé ìwé tìrẹ ni?"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi owó oògùn ránṣẹ́."

"Tọ́jú owó rẹ, jàre. Eléyìí tó kù ṣì tó mi."

Kò sọ fún un pé ìdajì hóró lòun ń lò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ṣubú sáàrin ebè. Kò dìde mọ́.

5.
Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọ̀gá Oníwèé tú ìwé ọdún méjèèje sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wá irọ́ tó wà níbẹ̀. Kò rí i. Ó tún wọn ṣírò, àárín ṣì jẹ́ àárín. Ó gbé ọ̀kan lọ bá tíṣà, aládùúgbò ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bàbá, ṣé iye yín nìyí?"

"Òun ni. N kò parọ́ fún ọ rí."

"Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, Bàbá. Báwo ló ṣe wá di irọ́?"

Tíṣà wo ìwé náà pẹ́. "Ọmọ mi, nọ́ńbà ilé tó wà lórí ìwé yìí kì í ṣe tèmi. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Mo rò pé o máa ń padà wá kà wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ni."

Ó lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n tún iye àárín náà ṣe. Ọ̀gá bi í léèrè pé, "Èló ló yẹ kó jẹ́?"

"N kò mọ̀, sà."

Kò mọ̀ lóòótọ́. Igba ilé ó lé kan, kò tilẹ̀ rántí iye tí kò dé nínú wọn.

Ẹ̀yin tí wọ́n gbé ìwé lé lọ́wọ́ láti sọ bí ẹlòmíràn ṣe ń jẹun, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ padà síbi ilẹ̀kùn tí ẹ bá ní títì. Ẹ má fi ẹni tó rọrùn láti rí rọ́pò ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ò ní mọ ẹni tí ẹ yọ kúrò, títí yóò fi pẹ́ jù.

Ọmọ mẹ́ta ni obìnrin náà fi sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Oníwèé ni wọ́n ń gbé báyìí.