Mọ́nsúrù Á Dé ní Mọ́ńdè

"Mọ́nsúrù ńkọ́?"

"Ó ní kí n kí yín, Bọ̀dá."

"Mo pe nọ́ńbà rẹ̀ títí, kò lọ."

"Fóònù rẹ̀ jábọ́ sómi. Ṣùgbọ́n á dé ní Mọ́ńdè."

Sàúdátù gbé abọ́ ọbẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọsibítù. Láti Ìfọ̀ títí dé Mọ́wé ló ti ń tún gbólóhùn yẹn sọ nínú ara rẹ̀, kó má baà tàsé. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Sàhéèdì tó ń rewáyà mọ́tò, ti wú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà wú.

Ní Mọ́ńdè ni iṣẹ́ abẹ. Ìsàlẹ̀ ikùn ni wọ́n sábà máa ń fi kíndìnrín tuntun sí, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ Sàhéèdì níbẹ̀ ti gan bí ọ́ọ̀sì omi tó gbó sínú oòrùn. Dókítà Olúfúnṣọ́ ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí wọ́n yọ kíndìnrín òsì tó ti kú, kí wọ́n fi ti Mọ́nsúrù, àbíkẹ́yìn ìyá wọn, sí àyè rẹ̀ gan-an. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹbí wò. Ti Mọ́nsúrù nìkan ló bá a mu.

"Àbí ẹ̀rù abẹ ló ń bà á?"

"Ẹ̀rù ò bà á mọ́, Bọ̀dá."

"Èyí tó ń sá wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì tí nọ́ọ̀sì bá wọ kíláàsì?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Sàúdátù ló kọ́kọ́ tán.

Sàhéèdì tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ìwọ lo sè é. Iyọ̀ yìí á pa mí kí abẹ tó débẹ̀. Nùsírátù tó máa ń sè é ńkọ́? Ìyàwó Mọ́nsúrù ò wá mọ́."

"Ó wà nílé."

"Kò jáde?"

"Kò jáde."

"Ta ló wá ń lọ sọ́jà?"

"Èmi ni mò ń bá a lọ."

Sàhéèdì mi orí. Ó rọra mu ọbẹ̀ náà tán.

"Ó di Mọ́ńdè nìyẹn."

"Lágbára Ọlọ́run."

Ọkàn Sàúdátù balẹ̀: ó ti jíṣẹ́ bí àwọn àgbà ilé ṣe rán an. Ó ṣan abọ́, ó kúnlẹ̀ dágbére, ó sì ká kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà.

"Sàúdátù."

"Bọ̀dá."

"Sọ fún dókítà kó fi Mọ́ńdè fún ẹlòmíràn, kí o sì bá mi kí Nùsírátù kú ọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀, ẹsẹ̀ tí ǹ bá fi wá kí i ni ò gbé mi."