Ẹ Yọ Ọ́ Létí

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti ba apá kan jẹ́ nínú ọpọlọ Oyèdòkun, kò lè wo ojú èèyàn kó mọ̀ bóyá inú onítọ̀hún dùn tàbí ó bàjẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pín nílé ìwòsàn Ìkirè, tó máa ń há sétí, ló ń sọ ọ́ fún un, tó sì ń sọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Fẹ̀hìntọlá ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé ìyá òun ti kú. Ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Oyèdòkun dìde, ó gbá a mọ́ra, ó ní, "Pẹ̀lẹ́. O kú ará fẹ́ra kù."

"Bàbá Ìbídùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ létí. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tù mí nínú."

Ó yọ ọ́. Ó tẹjú mọ́ ìyàwó rẹ̀ títí.

"Mo rí omi lójú rẹ," ó ní. "Kí ni wọ́n máa ń ṣe sí i?"

Ọkùnrin yìí kan náà ló sunkún ayọ̀ ju ìyàwó rẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí Ìbídùn ọmọ wọn. Fẹ̀hìntọlá gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi há a létí padà, ó sì dúró kó tún gbá òun mọ́ra.