Bàbá Mi Ṣáná Sóko

Èéfín ń rú lóko bàbá mi.

Mo sáré débẹ̀. Ìṣáná wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi fìlà fẹ́ná.

Bàbá tí kì í jẹ́ ká sun poroporo àgbàdo. "Oúnjẹ ilẹ̀ nìyẹn," ni wọ́n máa ń wí.

Bàbá Kékeré, àbúrò wọn, gbé korobá omi dé. Ọdọọdún làwọn máa ń sun oko tiwọn, àfi ọdún yìí. Fìlà "Olùtọ́jú Afẹ́fẹ́" tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọn èéfín oko lábúlé wa fi ta wọ́n lọ́rẹ lánàá ṣì wà lórí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́."

Èmi ni bàbá mi kọjú sí.

"Mo bi àwọn tó ń wọn èéfín pé tèmi dà. Wọ́n ní ẹni tó bá dín èéfín kù làwọn ń ta lọ́rẹ. Èmi tí n ò sun oko rí, kí ni mo fẹ́ dín kù?"

Wọ́n ṣá ìṣáná mìíràn.

"Lọ pè wọ́n, kí wọ́n wá wọn eléyìí dáadáa. Tó bá di àmọ́dún, màá jáwọ́."