Agolo Fọ́tò Tó Bàjẹ́

Aago mẹ́rin ni ìsìnkú. Aago mẹ́ta ti lù, Lavínia ò tíì rí fọ́tò bàbá ẹ̀ kan ṣoṣo tó dára.

Wọ́n ti kan pósí pa. Orí ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni Anselmo, bàbá ẹ̀, ti já bọ́, ojú náà kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi han ìyàwó.

"Ẹnì kankan ò ní gbé e kúrò níbí bí mi ò bá rí ojú ọkọ mi, kódà nínú fọ́tò!" Zulmira, ìyá Lavínia, ló ń pariwo.

"Màmá, ti káàdì ìdánimọ̀ wọn ńkọ́?"

"Èyí tó dà bí olè adìyẹ yẹn? Ṣé olè ni mo fẹ́ ni?"

Lavínia ń tú àpótí. Fọ́tò tí bàbá ẹ̀ fi ogójì ọdún yà, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Ouro Preto, kò sí ojú èèyàn kan níbẹ̀.

Inú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣókùnkùn. Bàbá ẹ̀ á ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á máa gbé iná rìn káàkiri níwájú ẹ̀. Ẹni tó bá ń rìn kì í hàn. Tó bá dúró díẹ̀ báyìí, á hàn, fọ́tò á sì bàjẹ́.

"Ìgbà wo ni bàbá mi tiẹ̀ dúró dá èèyàn lóhùn rí?" Omijé ń bọ́ lójú Lavínia.

Ó ṣí agolo bisikíìtì kan tí bàbá ẹ̀ kọ "BÀJẸ́" sí lára.

Fọ́tò kún inú ẹ̀ dẹ́nu. Nínú gbogbo wọn, Anselmo dúró níwájú pẹpẹ, iná lọ́wọ́, ó yíjú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lavínia yí wọn padà. Bàbá ẹ̀ kọ̀wé sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Zulmira gbé kọfí dé."

"Lavínia ṣubú."

"Lavínia pè mí."

"Lavínia tún pè mí."