Ìlà Tó Wà Lókè Ọ̀rọ̀ Náà

"Ẹ sàmì sí ọ̀rọ̀ kan, ọ̀gá, èyíkéyìí tó bá wù yín," ni Ìyáàfin Hsueh wí fún Ọ̀gbẹ́ni Liao, ẹni tó ni ọkọ̀ ojú omi. "Ẹ̀rọ wa yóò yọ ìlà mẹ́ta òkè rẹ̀ àti mẹ́ta ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta."

Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ fún Liao fúnra rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni wọ́n fi ń dán an wò. Ó sàmì sí "tíkẹ́ẹ̀tì." Obìnrin tó kọ ètò náà, àbúrò Ìyáàfin Hsueh lẹ́nu iṣẹ́, sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ní ìlà tó wà lókè ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ó ti fi ìbínú kọ àkíyèsí kan fún ara rẹ̀ pé: "Liao ló ní ká ṣe é báyìí. Ẹja tó ń gbé lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́n jù ú lọ."

Ìpápánu inú ọ̀rá aláwọ̀ ewé wà lórí ẹ̀rọ náà, gẹ́gẹ́ bí gbogbo Taipei ti ń gbé e sí i kí ẹ̀rọ má baà ṣàìgbọràn. Ó rọra gbé e kúrò, ó sì ń bẹ ẹ̀rọ náà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ó kú.

Kò kú. Ìlà méje yọ lára ògiri, wọ́n mọ́ gaara.

Liao kà á, ó wúkọ́. "Ó ṣiṣẹ́ o. Ta ló kọ ìlà kẹta yìí?"

Ìyáàfin Hsueh, tó kẹ̀yìn sí ògiri, bú sẹ́rìn-ín. "Ìbéèrè tí mò ń retí nìyẹn! Ẹ tẹ ìlà náà, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ á jáde. Àbúrò mi yìí ló fi ọgbọ́n yẹn kún ẹ̀rọ náà láàárọ̀, a ò tiẹ̀ rán an."

Liao na ìka. Obìnrin náà gbé ọ̀rá ìpápánu náà pamọ́ sẹ́yìn.